Ẹgbẹ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Yàn fún Mi

"Ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún ẹgbẹ́ ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá?"

Láyíwọlá, olóòtú ètò eré ìdárayá lórí rédíò, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Àwa méjì péré ló kù nínú ìdíje tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ náà, èmi àti Barakah, ọmọ ilé ìwé kan ní àdúgbò Basin. Ẹni tó bá borí ni yóò máa bá Láyíwọlá ṣe ètò àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo Sátidé. Láti kékeré ni iṣẹ́ yẹn ti ń wù mí.

Mo ti dáhùn ìbéèrè mẹ́sàn-án láìṣi ọ̀kan, gbogbo wọn lórí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn nínú ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tí mo fẹ́ràn. Mo tilẹ̀ mọ orúkọ ajá tí gólì wọn ń sìn nílé! Ìbéèrè kẹwàá yìí pa mí lẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ́ ìlú wa kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń wo ìyẹn?"

Láyíwọlá náà bú sẹ́rìn-ín. Barakah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Gàní Àlàbí ni," ló wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí. Mo wà ní pápá."

Bọ̀ọ̀dá mi ni Gàní, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú yẹn, ó tiro wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Toyyib, o ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi lónìí!" N kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣe sùúrù ná, eré Lọ́ńdọ̀nù ń lọ." Ó tiro wọ yàrá lọ. N kò sì padà bi í.

Láyíwọlá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Toyyib Àlàbí. Ṣé ẹbí rẹ ni Gàní yìí ni?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìlú ni yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Rárá, sà. Àlàbí pọ̀ nígboro. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Barakah ló gba ipò náà, ó sì tọ́ sí i.

Nígbà tí mo délé, Ìyá ń fi òrí ra ọrùn ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Gàní. "Astagfirullah!" ló wí. "Ọmọ tí mo bí ń sẹ́ ọmọ tí mo bí!"

Bọ̀ọ̀dá Gàní kò pariwo. "Inú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa la wà," ló wí. "Èmi ni mo ní kí dẹ́rẹ́bà yí rédíò sókè. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ gbọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibùdókọ̀ Post Office."

N kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò Tanke bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù yẹn síwájú wa. Rédíò ń pariwo wọn láàárọ̀, fóònù ń gbé àwòrán wọn wá lọ́sàn-án. Ti ìlú wa kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, lẹ́yìn ìkéde òkú. Mo rò pé èmi ni mo yan ẹgbẹ́ mi, àṣé wọ́n ti yàn án fún mi. Ó ń rí mi lára. Láyíwọlá tó bá mi rẹ́rìn-ín ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n ara mi gan-an ló ń rí mi lára jù, nítorí kò sí tẹlifíṣọ̀n tó ní kí n sẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó bá wù yín, ìbáà ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó kọ́ yín ní ìfẹ́ náà, kí ẹ má sì torí ẹni tí kò mọ̀ yín tẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Bọ̀ọ̀dá Gàní ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta mìíràn wọlé láti ìgbà náà. Ẹnu àwọn aráàdúgbò ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.