“Ẹ” àti “O” Nílé Aránwé

Páálí ńlá kan ló kọ́kọ́ wọlé, bàtà pupa méjì lábẹ́ rẹ̀, yìnyín ń yọ́ lára bàtà náà sórí ilẹ̀ pákó. Gracjan Lipka, tó ń rán ìwé àdúrà àtijọ́ kan pọ̀, gbójú sókè. Ìgbà tí páálí náà balẹ̀ lórí tábìlì ló tó rí obìnrin tó gbé e: imú rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún Gracjan lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀.

“Ẹ káàsán o, Pan. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń rán ìwé tó bá ti já. Mo wá tọrọ àjákù ni: awọ, bébà, àrán, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ dà nù.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Pani?” Lọ́dọ̀ wa, Pan là ń pe ọkùnrin tí a bá ń bọ̀wọ̀ fún, Pani sì ni obìnrin.

“Ọba ni mo fẹ́ fi wọ̀ láṣọ.”

“Ọba wo?”

“Jadwiga.”

“Ayaba nìyẹn.”

“Háà! Ẹ má jẹ́ ká jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọba ni wọ́n fi í jẹ nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ lọ wò ó nínú ìwé.”

Bogna Kosmal lorúkọ rẹ̀, tíṣà ìtàn nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà Tarnów. Ó fẹ́ kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwé àlẹ̀mọ́ kan nípa Jadwiga, kí òbí wá wò ó nínú oṣù karùn-ún.

“Wọ́n á kàn lẹ àwòrán mọ́ bébà ni?” Gracjan bi í.

“Kí ni kí wọ́n tún ṣe?”

Ìbéèrè yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Gracjan ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tó ń lọ sí kíláàsì. Ó kọ́ àwọn ọmọ láti ri bébà sínú tíì kó lè dà bí ohun àtijọ́. Wọ́n rán àpò pẹlẹbẹ mọ́ ojú ìwé kan, wọ́n ki lẹ́tà tí ọmọdébìnrin ọba lè kọ sí ìyá rẹ̀ ní Hungary sínú rẹ̀. Wọ́n gé ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì, nítorí ìtàn sọ pé ó fẹ́ fi àáké fọ́ ilẹ̀kùn ààfin lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní ti ọ̀pá àṣẹ, bébà aláwọ̀ igi ni wọ́n lò, nítorí ọ̀pá igi ni wọ́n sin mọ́ ọn, tórí ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ gidi ló fi sílẹ̀ fún yunifásítì.

Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, gbogbo àdúgbò wa ló rí i. Ṣùgbọ́n Pani Bogna ni, Pan Gracjan ni, ẹ lọ́tùn-ún, ẹ lósì. Lọ́dọ̀ tiwa, “ẹ” kì í ṣàdédé di “o”. Obìnrin ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, ọkùnrin tó bá ṣáájú rẹ̀ ti ṣe àfojúdi.

Ìyá Bogna kò ní irú sùúrù yẹn. Ó pè é lórí fóònù láti ìlú Toruń.

“Bogna ọmọ mi, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbí ń wá tíṣà. Kí oṣù yìí tó parí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ọkùnrin tó ṣì ń fi ‘ẹ’ pè ọ́ látìgbà òtútù, kí lò ń retí lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ ná.” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, ìwé mẹ́rìnlélógún ló wà lórí tábìlì, bàbá àgbà kan sì ń ṣí ilẹ̀kùn bébà, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i bí ọmọdé. Inú Gracjan dùn kọjá ààlà.

“Bogna, o ò rí ohun tí o ṣe?”

Ojú Bogna pọ́n. Kó tó la ẹnu, ẹ̀rù ti ba ọkùnrin náà.

“Ẹ forí jì mí, Pani. Ó yọ lẹ́nu mi ni. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.”

“Kò burú,” ni Bogna sọ, ó sì yíjú sí àwọn òbí. Èmi tí mo wà láàrin wọn bínú sí Gracjan lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ ìwé í rán, kò mọ ojú obìnrin í wò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò yọjú. Lọ́jọ́ kẹwàá ó gbé òdòdó lọ sílé Bogna.

“Mo wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí.”

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Pé mo fi ‘o’ pè yín.”

“Ẹ wo ọkùnrin yìí o! Látìgbà yìnyín ni mo ti ń retí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́, inú mi dùn. Kí n tó mí, ẹ ti gbà á padà. ‘Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́!’ Ó dùn mí gan-an.”

“Ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Kí ló dé tí ẹ ò lò ó?”

Bogna wolẹ̀. “Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín mi ńkọ́?”

Gracjan rí lẹ́tà kan lórí tábìlì, àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Toruń lára rẹ̀, sítáǹbù ti wà níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ládùúgbò pé wọ́n ń wá tíṣà níbẹ̀.

Bogna gbé ife kékeré méjì wá, ó bu ọtí èso ṣẹ́rì sí i. Wọ́n kọ́ apá wọn mọ́ra bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nígbà tí “ẹ” bá fẹ́ di “o”, wọ́n mu ún tán, wọ́n fẹnu kora wọn lẹ́nu.

“Gracjan,” ó wí.

“Bogna. Má lọ sí Toruń, jọ̀ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Jẹ́ n fẹ́ ọ.”

“Mo gbọ́dọ̀ lọ.”

Ojú ọkùnrin náà rọ.

“Ta ló máa sọ fún Màmá pé mo ti rí ọkọ? Ìwọ lo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, olólùfẹ́ mi. Méjì ni kí o rà, àlọ àti àbọ̀.”

Sátidé ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, àwa aládùúgbò sì sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Títí wọ́n fi dé Toruń, Gracjan ò yéé sọ “o”.