Ojú Jíjó Tó Yẹ̀ Wò Lẹ́ẹ̀kan Péré

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ibi tí irin ti sán. Bí àwọn wẹ́dà bá ti jó páìpù gáàsì méjì pọ̀ tán, òun ni yóò gbé ẹ̀rọ òòfà rẹ̀ lé ojú jíjó náà láti mọ̀ bóyá ó dára. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Abẹ́rẹ́-ò-purọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀: "Èèyàn lè purọ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ò lè purọ́."

Orúkọ náà dùn mọ́ ọn púpọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó bá òun lọ sílé Ọlọ́run, á ní, "Kí ni mo ṣe tí n ó máa tọrọ àforíjì? Mi ò jalè, mi ò gba aya aláya. Ẹ lọ ṣàdúrà fún àwọn tó ti sán." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gba ilé ọtí lọ.

Iṣẹ́ òòfà yìí ní òfin kan tí gbogbo ẹni tó ń ṣe é mọ̀. Agbára òòfà ń gba inú irin kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá pàdé ibi tó sán, á tú síta díẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì ta. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí irin gbà sán bá dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà tí agbára náà ń gbà lọ, wọn ò ní pàdé, abẹ́rẹ́ á sì dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yẹ ojú jíjó kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́ẹ̀kan ní ìbú, lẹ́ẹ̀kan ní òòró.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ojú jíjó kan ṣoṣo ló kù, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pọ́ǹpù. Oòrùn mú gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń dúró dè é nílé ọtí. Ó gbé ẹ̀rọ lé e ní ìbú, abẹ́rẹ́ kò mira. Ó yẹ kó yí ẹ̀rọ padà, ṣùgbọ́n kò yí i. Ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí i pé ó dára, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun yẹ̀ ẹ́ wò, ó lu òǹtẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé ibi iṣẹ́, ó bá wọn tí wọ́n ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́.

Ọ̀gá wọn ní, "Aago méjìlá ọ̀sán òní la máa ṣí gáàsì sínú páìpù o. A ò dúró dọ̀la mọ́."

"Ta ló máa ṣí fáàfù?"

"Àbúrò yín náà ni. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣí jù ú lọ?"

Àyà rẹ̀ já. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ọmọbìnrin tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Láti ìdí fáàfù yẹn sí ojú jíjó náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀, pé wẹ́dà tó jó o mọṣẹ́. Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wẹ́dà náà fúnra rẹ̀ wá bá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, onígbàgbọ́ tó máa ń kọrin lábẹ́ ìbòjú iṣẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ó wí, "ọkàn mi ò balẹ̀ sí ojú jíjó ẹ̀gbẹ́ ilé pọ́ǹpù yẹn. Òjò pa irin tín-ín-rín tí mo fi jó o. Mo ti fẹjọ́ ara mi sun ọ̀gá, ó ní tí ìwọ bá ti lu òǹtẹ̀, ó parí. Ṣé o yí ẹ̀rọ padà lórí ẹ̀?"

"Mo yí i."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo ní mo yí i! Àbí kí n búra ni?"

"Kí ló dé tí o ò lè wojú mi?"

"Ọtí àná ni."

Wẹ́dà ní, "Kò tì mí lójú kí wọ́n gé iṣẹ́ mi dànù. Ohun tí Jésù ti rí nínú mi burú jùyẹn lọ, ó sì dárí ẹ̀ jì mí. Má jókòó ti irọ́ o, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Nígbà tó lọ tán, Abẹ́rẹ́-ò-purọ́ wọ yàrá irinṣẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Jìnnìjìnnì bò ó. Kì í ṣe ojú jíjó yẹn nìkan ló rí. Ó rí gbogbo irọ́ tó ti pa fún ìyàwó rẹ̀, ó rí àwọn tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó rí ọjọ́ tí yóò dúró níwájú Ẹlẹ́dàá tí kò ní sí òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí páìpù náà bẹ́." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀rù tún bà á sí i, nítorí ó mọ̀ pé òun ń bẹ Ọlọ́run kó bá òun lu òǹtẹ̀ sí irọ́.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń fọn fèrè kí wọ́n tó ṣí fáàfù. Fèrè àkọ́kọ́ dún. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí àbúrò rẹ̀ tó dé akoto, tó ń juwọ́ sí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ wá wò mí o!"

Fèrè kejì dún. Kò mọ ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn, tó bẹ́ síta.

"Ẹ dúró! Ẹ má ṣí i! Mo purọ́!"

Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí fáàfù. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, òun àti wẹ́dà sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí páìpù wà. Ó yí ẹ̀rọ náà padà ní òòró. Abẹ́rẹ́ ta, ó lọ gbá ìpẹ̀kun. Sísán náà kò nípọn ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n ó dábùú ojú jíjó náà láti etí dé etí.

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ṣí akoto rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ lu òǹtẹ̀ sí èyí?"

Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún.

Wẹ́dà lóṣòó tì í. "A máa gé irin yìí, a máa tún un jó. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Mo ti sán tipẹ́. Mo kàn ń kùn ún ní ṣọ́ọ̀kì ni."

"Torí ẹni tó sán ni Jésù ṣe kú. Sọ fún un bó o ṣe sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan."

Ó sì sọ ọ́. Nínú kòtò yẹn, lójú ọ̀gá, lójú àbúrò rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì gba Jésù gbọ́. Nígbà tó dìde, ẹ̀rù ìdájọ́ tó wọ yàrá irinṣẹ́ bá a kò tẹ̀ lé e jáde mọ́.

Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi ń gbé irinṣẹ́ tẹ̀ lé àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ń pè é ní Yí-i-wò-lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń fẹ̀rín jẹ́ ẹ. Láti Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ kò ní láti bẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó wọ bàtà lọ sílé Ọlọ́run.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Àwọn èèyàn ti yẹ̀ ọ́ wò ní ìbú, wọ́n ní o dára. Wọ́n rí aṣọ rẹ, wọ́n gbọ́ bó o ṣe ń kíni, abẹ́rẹ́ wọn kò mira. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tí o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀rọ sí. Ọlọ́run mọ ibẹ̀. Bó o bá bò ó títí di ọjọ́ ìdájọ́, kò sí wẹ́dà tí yóò lè tún un jó lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ, ọ̀rẹ́ mi, èmi kò ní tàn ọ́. Bóyá o ti gbọ́ fèrè àkọ́kọ́ nígbà àìsàn ọjọ́sí. Bóyá ìwé yìí ni ìkejì. Má dúró de ẹ̀kẹta. Kúnlẹ̀ síbi tó o wà báyìí, kó o sì ké sí Jésù: "Olúwa, mo ti sán. Mo purọ́. Gbà mí." Ó ń gbọ́.