Omi Tí Ummu Dà Nù

"Ẹ ti pẹ́ jù." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Bàbá Sàlàhúdíìnì nìyẹn nígbà tó rí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ létí odò Ògùn. "Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ní kí ẹ wá. Ọ̀sán ti pọ́n báyìí. Oòrùn oṣù Mááṣì kì í bá ènìyàn ṣeré lórí omi."

Ummulkulthum, ọmọ ọmọ rẹ̀, kúnlẹ̀. Wùnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Kútọ̀, kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Irun tí wọ́n lọ dì ló mú wọn pẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin?

"Ẹ má bínú, Bàbá àgbà," ni Ummu wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà fi ọkọ̀ yín tù wá lọ díẹ̀. Ìdánwò wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò ní ráyè mọ́."

Bàbá wo ojú ọ̀run, ó mi orí. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Ràhámátù, ti kú, kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá fún Ummu. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sómi, méjì péré ló ní. Ó fi méjèèjì wọ̀ wọ́n. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu sínú ọkọ̀.

"Oòrùn ń fa omi ara jáde láìjẹ́ pé ènìyàn fura," ó kìlọ̀. "Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bu ti odò mu o, kò mọ́."

Bàbá ń tukọ̀, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Ooru mú Ummu títí ó fi ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó da omi sí ọrùn, ó da sí àyà, ó sì fi èyí tó kù fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí bàtà tuntun lè hàn dáadáa nínú fọ́tò.

"Ummu, omi tí Bàbá máa mu nìyẹn o," Wùnmí sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ni omi ń wọ́n lórí omi?" Ummu bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi gbé àjẹ̀ dúró. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. "Ummu, fún mi lómi."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọmọ náà. "Ó... ó ti dà nù, Bàbá àgbà. Kẹ́ẹ̀gì ló ṣubú."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká yí padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé ìdí àpáta yẹn. Fọ́tò kan péré!"

Bàbá tún tukọ̀ lọ. Kí wọ́n tó dé ìdí àpáta, òógùn tó ti ń ṣàn lójú rẹ̀ ti gbẹ pátápátá. Ó yíjú sí Ummu, ó ní: "Ràhámátù, ṣé oúnjẹ ti jinná?"

 Kí Ummu tó dáhùn, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, òun náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, omi sì já wọlé. Ummu fa Bàbá mọ́ra. Kò sí ẹ̀wù kankan lọ́rùn rẹ̀ tí yóò gbé e léfòó bó bá ṣubú sódò. Wùnmí sáré mú àjẹ̀ kí omi tó gbé e lọ. Ó ń tù, ó ń sunkún, Ummu ń fi ọwọ́ kan gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀, wọ́n jọ ń ké títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ìyá kan tó ń roko ẹ̀fọ́ létí odò, Ìyá Àfúsá, gbọ́ igbe wọn. Òun ló bá wọn gbé Bàbá dé abẹ́ igi máńgòrò. "Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀! Ẹ rẹ ìborùn yín sómi, ẹ fi bò ó lára, ẹ máa fẹ́ ẹ!" Ó sáré lọ pe kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ṣé Bàbá ò rí omi mu ni?" Bàbá tó bí Ummu náà dé, ó béèrè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni Ummu fún àwọn méjèèjì: "Omi ló dà nù."

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá tó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún pé, "Ẹ má dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Èmi àgbàlagbà ni mo mọ̀ pé oòrùn le tí mo tún jáde." Bí ẹ̀gún ni ọ̀rọ̀ náà ń gún Ummu.  Bó bá kírun tán, kò lè gbé ọwọ́ àdúrà sókè.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lójú bàbá rẹ̀.

"Bàbá àgbà, kẹ́ẹ̀gì ò ṣubú. Èmi ni mo fi omi yín fọ ẹsẹ̀. Mo purọ́ fún yín, mo purọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo purọ́ fún Dádì."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹsẹ̀ rẹ ò tíì gbẹ nígbà tí ò ń purọ́ fún mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Mo ń retí kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má ṣe é sí ẹlòmíràn."

Bàbá Ummu kò lu ọmọ rẹ̀, kò sì bú u. Ó kàn jáde síta, ó lọ dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn dun Ummu ju ẹgba lọ.

Bàbá Sàlàhúdíìnì padà sílé, ṣùgbọ́n ooru ọjọ́ náà ti pa kíndìnrín rẹ̀ lára. Dókítà ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ti tù fún ogójì ọdún ṣe di ti ẹlòmíràn. Gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè ni Ummu ń tẹ̀ lé e lọ rí dókítà. Ó sì ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́: ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ nígbà ooru, kó jí lọ ní kùtùkùtù, kó wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò, kó má fi omi mímu ṣòfò, bó bá sì ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́, nítorí ìdáríjì kì í dá ohun tó ti bàjẹ́ padà.

Bí wọ́n bá ń kọjá lórí afárá Láfẹ́nwá tó wà lórí odò Ògùn, tí Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká, àwọn apẹja a máa nahùn sókè láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o!"

Bàbá a dáhùn, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Ummu a tẹ orí ba, nítorí ó mọ̀ pé ìsinmi náà kì í ṣe ohun tí Bàbá fẹ́.