Sùtánà Tí A Kò Fọ̀

Garawa omi kan wà ní ẹ̀yìnkùlé Ìbíkẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Kàn-ìn-kàn-ìn tuntun àti ọṣẹ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà sí omi náà. Ó kù kí ọmọ wẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ ni ọmọ náà. Kì í ṣe ọmọdé. Ó ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ láti kọrin ní ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun. Ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdè, lẹ́yìn ìdánrawò, Adéníran, olórí akọrin, ní kó bá òun kó ìwé orin sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi tipátipá bá a lò pọ̀. Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ìbíkẹ́, ìyá rẹ̀, gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé Bàbá Bùsúyì, olórí àwọn àgbà ìjọ, ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbogbo ẹjọ́ lọ, ìjà tọkọtaya, ìjà ilẹ̀, ọmọ tó jalè.

Bàbá Bùsúyì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ránṣẹ́ pe Adéníran, ìyẹn sì fi Bíbélì búra pé irọ́ ni. Bàbá ní àwọn àgbà yóò jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí ọmọ mú ẹlẹ́rìí méjì wá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ wí. Ó wá fi ọ̀kan kún un. Ara ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí kò mọ́. Kò gbọdọ̀ dúró níwájú àwọn àgbà, àfi tó bá wẹ ìwẹ̀ mímọ́, tí wọ́n sì fọ sùtánà tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìdí garawa omi nìyẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá gbàdúrà sí i.

Lará ló dá wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n Ìbíkẹ́ ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlú Òrù ló ń gbé, nítorí náà Ìyá Òrù ni wọ́n ń pè é. Ó sọ̀ lórí ọ̀kadà, kò jókòó. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wo garawa.

"Ta ló ní kó wẹ̀?"

Bàbá Bùsúyì ní òun ni, òfin ìjọ ni. Ó ní àwọn Mẹ́tọ́díìsì bíi ti Lará, tó ń wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀rọ̀ bàtà mi kọ́ la ń sọ, Bàbá. Ẹ ní ẹlẹ́rìí méjì lẹ ń wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Láìsí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Wọ́n wà níwájú yín. Ara ọmọ yìí ni ọ̀kan. Sùtánà rẹ̀ ni ìkejì. Bí dókítà bá bi wọ́n léèrè, wọ́n lè dáhùn. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ọṣẹ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Tó bá dọ̀la, ẹ ó ní kò sí ẹlẹ́rìí."

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ.

Bàbá ní bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú ìjọ, kí Kíkẹ́lọmọ gbàgbé ẹgbẹ́ akọrin, kí ìyá rẹ̀ sì gbàgbé ìjókòó ìyá ìjọ. Ìbíkẹ́ wolẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ìjókòó yẹn.

Lará kọjú sí ọmọ náà. "Ìwọ lo ni ara rẹ. Kí lo fẹ́?"

"Mi ò wẹ̀."

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó gbé garawa, ó da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wọ́n fi bébà di sùtánà náà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Dókítà gba àṣẹ lẹ́nu Kíkẹ́lọmọ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fún un lóògùn. Lẹ́yìn náà, àgọ́ ọlọ́pàá. Kò rọrùn. Ọlọ́pàá kan béèrè ohun tó wá dé yàrá ẹ̀yìn. Lará ní kó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kíkẹ́lọmọ wọ àǹkárá lọ sí ìjọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá a dúró.

"Sùtánà rẹ dà?"

"Ó ń jẹ́rìí lọ́wọ́. Kò ráyè wá."

Kò jẹ́ kó wọlé. Kíkẹ́lọmọ kò padà sílé. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá rẹ̀ kò lọ sórí ìjókòó rẹ̀, ó dúró tì í. Wọ́n kọrin láti ìta. Ohùn wọn wọlé.

A kò sọ pé Adéníran jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ìyẹn, kì í ṣe àwa, kì í ṣe àwọn àgbà ìjọ.

Ẹ̀yin ará, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín tàbí sí ọmọ yín, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ. Bébà ni kí ẹ fi di aṣọ náà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà tó ń dènà kòkòrò éèdì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá. Oògùn wà tó ń dènà oyún pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti wẹ̀, ẹ ṣì lọ. Kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí.

Ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ̀yin lẹ́mọ́mù, ẹ gbàdúrà, ẹ tu ẹni náà nínú. Ẹ ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yẹra fún iṣẹ́ títí ìwádìí yóò fi parí. Ó tó. Ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ kì í ṣe adájọ́. Ìbúra nìkan kò tó ẹ̀rí. Ohùn orin dídùn kì í ṣe ẹ̀rí rárá.

Ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́rìí, kó má kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dànù.