Àgbọ̀nrín Tí Kò Ṣubú

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Bernadine Kuzma tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé. Kì í mutí, kì í bá wọn sọ̀rọ̀ iwin, ogójì ọdún ló sì fi ta ọta ìbọn láì parọ́ fún oníbàárà kan rí. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí kò yé e, kò yé èmi náà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìdí afárá ní Wexley, láàrin àwọn òkè àríwá Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́jọ́ tí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín bá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ọkùnrin ìlú rò pé yóò tà á. Kò tà á. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń bi í ní ohun tí wọn kò bi ọkọ rẹ̀ rí.

Ìbéèrè kan náà lòun náà máa ń bi gbogbo wọn kó tó mú páálí ọta kankan sílẹ̀. "Báwo ni ibi tí o máa dúró sí ṣe jìnnà sí ibi tí ẹran máa dúró sí?" Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, á ní kó lọ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n wá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ọta tó dára lókèèrè lè má pa ẹran tó wà nítòsí, ó lè kàn ṣe é léṣe. Ẹran tó bá sì gbé ọgbẹ́ sá wọgbó lè jẹ̀rora fún ọjọ́ méjì kó tó kú. Ìyẹn gan-an ni Bernadine kì í fẹ́ gbọ́.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Emil Hrabovsky wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Òun àti Bernadine jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ èédú, òun nìkan ló sì ń gbé ilé tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ìparí ọ̀nà Dresler. Ẹ̀yìn ilé náà ni ilẹ̀ ti gòkè. Àwọn tó wá wa èédú níbẹ̀ ti gé gbogbo igi orí rẹ̀, koríko nìkan ló kù.

"Irinwó yáàdì," ni Emil wí.

"Ta ló bi ẹ́?"

"O ti ń la ẹnu. Mo kàn dáhùn kó tó jáde ni."

Ó ní akọ àgbọ̀nrín kan máa ń dúró lórí òkè náà láràárọ̀. Á kọ ẹ̀gbẹ́ sí ilé, á máa wò ó. Bernadine gbé páálí kan lé káńtà, ó sì yọ ọta kan jáde.

"Wo orí rẹ̀, ó ṣóńṣó. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ kì í dá irú èyí dúró. Bàbà tó bo òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí tó bá fi máa dé ọ̀hún, á ti rẹ̀ ẹ́. Tí bàbà yẹn bá le, kò ní là nínú ẹran. Á kàn gún un kọjá bí abẹ́rẹ́."

"Ò ń wàásù, Bernie."

"Ibo lo ti gbọ́ ìwàásù, ìwọ tí ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ ojú ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọta rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ó padà wá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé páálí náà lé káńtà. Ẹyọ kan ló dín nínú rẹ̀.

"Mo bà á."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sẹ́jẹ̀. Kò sírun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nígbà tó bà á lára. Èèyàn kì í ṣi ìró yẹn gbọ́."

Bernadine mọ ìró náà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lu aṣọ tútù. Emil ní ẹran náà kò ṣubú. Kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó yíjú wo òun, ó rọra rìn wọ inú igbó tó wà lẹ́yìn òkè. Ó ti wá a fún ọjọ́ méjì, láti àárọ̀ títí ojú ò fi ríran mọ́.

"Bóyá bàbà yẹn le jù," ni ó wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni jà. Ìyẹn ló dun Bernadine jù. Òun ló yan ọta náà.

Lọ́dún kejì, igba ó lé àádọ́ta yáàdì ni Emil pè é.

"Ẹran mìíràn ni?"

"Òun náà ni. Ìwo rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ sísàlẹ̀."

Ara tu Bernadine. "Emil, ó túmọ̀ sí pé o tàsé nìyẹn."

"Mi ò tàsé."

Bó ṣe sọ ọ́ kò gba àríyànjiyàn. Bernadine fún un ní ọta tó wúwo díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí òjé yọ lẹ́nu rẹ̀ kó lè tètè là. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Emil tún dúró níwájú káńtà. Ìró náà ti dún. Ẹran náà kò ṣubú.

Lọ́dún kẹta, ọgọ́fà yáàdì ni, lábẹ́ àwọn igi ápù tó wà lẹ́yìn ilé. Emil ti rù. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kò fún un lọ́rùn mọ́.

"Níbi tó sún mọ́ yìí," ni Bernadine wí, "gbogbo agbára ọta ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá fẹ́lẹ́, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára egungun èjìká kó tó dé ọkàn. Èyí nípọn. Kò ní fọ́."

Emil yí ọta náà síwá sẹ́yìn láàrin ìka. "Ọta mi méjì ti wà lára rẹ̀ báyìí. Ó ń gbé wọn rìn kiri nínú òtútù. Irú èèyàn wo ni mo jẹ́, Bernie?"

"Èèyàn tó ń wá ẹran tó ṣe léṣe. Ọ̀pọ̀ kì í wá a."

Ọta kẹta náà dún lára ẹran. Ẹran kò ṣubú.

Ẹ̀rù ba Bernadine lọ́dún kẹrin. Nígbà tí Emil pe ọgbọ̀n yáàdì, Bernadine kò nawọ́ sí páálí kankan. Ìdí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni ẹran náà ń dúró báyìí. Kò sí igi, kò sí koríko gíga láàrin òun àti ilẹ̀kùn.

"Fi sílẹ̀. Má yìnbọn sí i mọ́."

"Ta ló máa parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀?"

Bernadine yíjú sí àwọn páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ọta tó wúwo jù ní ṣọ́ọ̀bù, olórí pẹlẹbẹ, irú èyí tí àwọn àgbà ń lò nínú igbó dídí. Ó kó o lé e lọ́wọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá ṣí, á gbójú sókè wò ó bóyá Emil ni. Nígbà tí Emil wá, ó gbé páálí náà lé káńtà, ẹyọ kan ti dín. Ó kàn mi orí. Bernadine bu kọfí fún un, wọ́n sì jọ mu ún.

Lọ́dún karùn-ún, Emil kò wá.

Bernadine dúró dè é títí di ọjọ́ tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń kún jù lọ. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ó ní kí àwọn tó wà níwájú káńtà má bínú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò rántí bí òun ṣe wakọ̀ dé ọ̀nà Dresler.

Emil jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Ìbọn bàbá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá," ni ó wí. "Rọra jókòó."

Bernadine jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì àtẹ̀gùn náà. Ó wá gbójú sókè.

Ẹran náà dúró níbẹ̀. Akọ ńlá, ó ti dàgbà, ìwo ọ̀tún tẹ̀ sísàlẹ̀. Yìnyín ń bọ́ díẹ̀díẹ̀. Odò ń ṣàn lẹ́yìn ilé Emil, ìró rẹ̀ kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru. Lọ́jọ́ yẹn, Bernadine kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ẹyẹ. Kò gbọ́ ìbọn kankan lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọdẹ ni. Èémí òun ń jáde bí èéfín. Ti Emil ń jáde bí èéfín. Ó wo imú ẹran náà títí. Nǹkan kan kò jáde.

Lẹ́yìn náà ló rí èjìká rẹ̀.

Ihò mẹ́rin. Wọ́n sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ kan yóò bo gbogbo wọn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kò sí èépá. Wọ́n mọ́, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Inú wọn dúdú.

"Emil. O ò tàsé."

"Mo mọ̀."

"Ọta yẹn dára. Gbogbo wọn." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í.

Emil mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. 

"Èwo ni kí n fi sí i báyìí?"

Bó ṣe máa ń bi í ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ṣe bi í. Bernadine la ẹnu. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí èsì ti máa ń wà níbẹ̀ kí oníbàárà tó parí ọ̀rọ̀.

"Mi ò ní in," ni ó wí.

Emil ṣí ìdí ìbọn náà. Ọta inú rẹ̀ fò bọ́ sínú yìnyín, kò dún. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lórí orúnkún.

"Má bínú," ni ó sọ fún ẹran náà. "Mo fẹ́ kó yá kíá, kí o má jẹ̀rora ni."

Ẹran náà gbẹ́sẹ̀. Bernadine ka ìṣísẹ̀ náà, kò mọ ìdí tó fi ń kà á. Ẹran náà gun àtẹ̀gùn láàrin àwọn méjèèjì. Irun rẹ̀ fara kan apá ẹ̀wù Bernadine. Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sì tutù. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Wọ́n gbọ́ pátákò rẹ̀ lórí pákó ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn inú ilé, kọ̀ọ̀kan, kọ̀ọ̀kan, bí arúgbó tó ń gòkè lọ sùn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìbọn náà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dìde. Wọ́n wọlé. Wọ́n jọ gòkè, Bernadine ló ṣáájú. Yàrá méjì ló wà lókè. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Fèrèsé tì pa láti inú. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún jáde lọ wo àgbàlá. Ipa ẹsẹ̀ ẹran wà nínú yìnyín láti ìdí okùn aṣọ dé àtẹ̀gùn. Wọ́n yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ipa ẹsẹ̀ tó jáde kò sí.

"Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi," ni Bernadine wí. "Kó ẹrù ẹ nísinsìnyí."

Emil wo fèrèsé òkè. "Kí n lọ kí n fi òun nìkan sílẹ̀ ńbẹ̀?"

Kò tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésìmesì, Bernadine gbé oúnjẹ lọ fún un, pásítà tó dín pẹ̀lú kábéèjì àti àlùbọ́sà nínú bọ́tà. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lórí tábìlì. Emil ti sanra díẹ̀. Ó bá a ṣàwàdà pé iyọ̀ pọ̀ jù, Bernadine ní tí kò bá fẹ́, kó gbé e fún ajá àdúgbò. Wọ́n ń jẹun lọ.

Lókè, nǹkan kan gbẹ́sẹ̀.

Bernadine gbé fọ́ọ̀kì dúró lẹ́nu. Emil kò gbójú sókè, àmọ́ ó dẹ́kun jíjẹ. Pátákò náà rìn yípo lójú kan, ó tún yípo, bí ẹran ṣe máa ń tẹ koríko mọ́lẹ̀. Orúnkún kan kanlẹ̀. Èkejì kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ara ńlá kan sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Eruku bọ́ láti àjà sórí tábìlì. Èémí gígùn kan jáde. Èémí yẹn ni Bernadine ní òun kò lè gbàgbé, torí kò dún bí èémí ẹran tó ń kú. Ó dún bí ti ẹni tó rìn jìnnà.

Emil dúró títí gbogbo rẹ̀ fi parọ́rọ́.

"Ó ti dùbúlẹ̀," ni ó wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì, ó rọra gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wá na ìka sí ti Bernadine. Òun náà bọ́ tirẹ̀. Pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, wọ́n jẹ oúnjẹ yòókù tán, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n má bàa jí i.