Ọwọ́-ò-sinmi Ya Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

"Jókòó jẹ́ẹ́! Ṣé èèrà ń jẹ ọ́ ni?"

Àbúrò ìyá Ọwọ́-ò-sinmi ọkùnrin ló ń pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni bọ̀dá yìí ń yà jẹun, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Á wo ojú èèyàn, á mú ibì kan níbẹ̀, á sì sọ ọ́ di ńlá títí tí olójú fúnra rẹ̀ á fi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, àmọ́ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́-ò-sinmi ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, orúkọ náà sì bá a mu.

"Kó o tó ya ẹnikẹ́ni," bọ̀dá ní, "bi í pé kí ni kó o sọ di ńlá. Ẹnì kan á ní imú òun, òmíràn á ní irùngbọ̀n òun. Èyí tí wọn ò bá dárúkọ, má fọwọ́ kàn án."

"Bọ̀dá, ìyẹn ti pẹ́ jù!"

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ò tètè wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ yí Ọwọ́-ò-sinmi ká. "Ìwọ tó ò ń kọ́ṣẹ́, ya ẹnì kan ká rí i! Àbí ẹnu lásán ni?"

Ọwọ́ ń yún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, ti lọ sí yàrá ìkàwé. Òun ló máa ṣáájú ilé ìwé wọn nínú ìdíje àríyànjiyàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọwọ́-ò-sinmi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ya Lọ́yà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín. Ẹnì kan fi fóònù yà á, kí wọ́n tó jáde fún ìsinmi, ó ti dé ọwọ́ gbogbo wọn.

Lọ́yà rí i. Kò sunkún, kò sì jà. Ó kàn lọ sọ fún olùkọ́ pé òun ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀.

Nílé, Ọwọ́-ò-sinmi fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó sáré lọ bá Lọ́yà lẹ́yìn ilé wọn, níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Jọ̀ọ́, má bínú. Eyín rẹ ò tiẹ̀ burú."

"Ta ló ń sọ ti eyín?" Lọ́yà ò wẹ̀yìn. "Tí mo bá ń rẹ́rìn-ín níwájú àwọn yẹn, ṣebí ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu. Ìwọ nìkan ni mi ò bo ẹnu fún. Ibẹ̀ lo ti rí ohun tó o yà."

 Ojú ti Ọwọ́-ò-sinmi gidigidi.

Ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé òun ṣe ohun tí kò dáa. Àwọn kan pa àwòrán náà rẹ́, àwọn kan ò pa á rẹ́. Ẹlòmíràn ló ṣáájú wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì fìdí rẹmi. Lọ́yà dárí jì í, wọ́n ṣì jọ ń jókòó, wọ́n ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín bá dé, Lọ́yà ń fọwọ́ bo ẹnu fún Ọwọ́-ò-sinmi náà báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ọ̀rẹ́ jẹ́ ká rí nítorí pé ó fọkàn tán wa, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi dá ẹlòmíràn lára yá. Ẹni tí a ṣe é sí lè dárí jì wá, kó má sì fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́.