Pákó Tí Ilinca Kò Lù

"Ṣé Surla ti dé fìlà?" Bàbá Toader bèèrè láti ẹnu ọ̀nà ahéré.

"Rárá o, Bàbá àgbà. Orí ẹ̀ ṣì pá," Ilinca dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn ní ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Surla. Nínú oṣù Júùnù, òwúrọ̀ a máa mọ́ rekete, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá fi lè jókòó sórí òkè náà kí ọ̀sán tó pọ́n, òjò á dé kí èèyàn tó jẹun ọ̀sán tán. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sá koríko tí wọ́n gé fún màlúù sí pápá fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ. Bí òjò bá bá a nílẹ̀, ó di jíjẹrà nìyẹn, ebi á sì pa màlúù nígbà òtútù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe so pákó gbọọrọ kan mọ́ abẹ́ òrùlé ahéré. Bí òkè bá ti dé fìlà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fi òòlù onígi lu pákó náà, gbogbo àdúgbò á sì gbé réèkì jáde láti wá kó koríko jọ.

Bàbá Toader ló ń yan ọjọ́ tí wọ́n ń gé koríko láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Lọ́dún yìí, ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ló bá gbé òòlù lé ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ́wọ́. Orí Ilinca wú. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé lọ sinmi.

Kò pẹ́ ni Dorina ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn.

"Ìwọ yìí, ṣé wọ́n fi ẹ́ ṣọ́ òkú ni? Gbogbo wa ti ń lọ wẹ̀ lódò."

"Mò ń ṣọ́ ojú ọjọ́."

"Ojú ọjọ́ tó wà nínú fóònù! Wò ó, oòrùn ni títí di alẹ́. Àbí o ti di ìyá àgbà ni?"

Ilinca wò ó. Lóòótọ́, oòrùn ni. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀nà wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin, ni fóònù ń sọ. Kò sí ọmọ ìlú wọn tí kò mọ̀ pé oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò kan Surla. Ilinca náà mọ̀. Ó gbé òòlù kalẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni òun máa lò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan. Ìgbà tí àrá sán ló tó gbójú sókè, kò sì rí Surla mọ́. Ó sáré títí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ṣùgbọ́n òjò oníyìnyín ti ṣáájú rẹ̀ dé pápá. Màmá Saveta, opó tí kò ní ju màlúù kan lọ, wà láàárín òjò, ó ń fi apá gbá koríko tútù mọ́ra.

Àwọn èèyàn kóra jọ sábẹ́ ahéré, Bàbá Toader náà dé.

"Ilinca, kí ló dé tá ò gbọ́ pákó?" Pavel, aládùúgbò wọn, bèèrè.

Òtítọ́ wà lẹ́nu Ilinca. Irọ́ ló jáde. "Òkè ò dé fìlà rárá. Òjò yẹn kàn ṣàdédé dé ni."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Toader.

"Háà, Bàbá Toader," Pavel wí, "ọjọ́ tí ẹ yàn fún wa rèé o! Lọ́dún tó ń bọ̀, adìyẹ la máa bi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ṣí fìlà lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni."

Ìtìjú bo Ilinca látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò yọjú mọ́ láàárọ̀ sí ẹnu géètì ilé rẹ̀, níbi tó ti máa ń yan ọjọ́ fún àwọn èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi í léèrè ọjọ́, á ní, "Ẹ lọ bi ẹlòmíràn." Ilinca kò lè jẹun níwájú rẹ̀. Bí bàbá bá wọlé, òun á jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pavel tún pariwo, "Bàbá Toader, kí ni adìyẹ wí lónìí?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" Ilinca bọ́ sáàárín wọn. "Èmi ni. Mi ò sí níbẹ̀. Odò ni mo lọ, mo wá parọ́ fún yín."

Dorina ń wo bàtà ara rẹ̀. Màmá Saveta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ilinca, màlúù kan ṣoṣo ni mo ní." Ìgbájú ìbá sàn fún Ilinca jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Toader jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níbẹ̀. "Mi ò sùn láti ọjọ́ yẹn," ó wí. "Mò ń ro afẹ́fẹ́, mò ń ro ẹyẹ, mò ń wá ibi tí mo ti ṣì í. Mo rò pé iyè mi ti ra. Koríko á tún hù, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o rí mi níbi tí mo ti ń bẹ àwọn èèyàn, o sì dákẹ́."

Ilinca sunkún níṣojú gbogbo ìjọ.

Jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, ó ń jí láàárọ̀ kùtù lọ fi dòjé gé koríko etí ọ̀nà fún màlúù Màmá Saveta. Ọmọ Pavel, tó fi ọdún mẹ́ta ju Ilinca lọ, ni wọ́n gbé òòlù fún. Àwọn èèyàn sì padà sí ẹnu géètì bàbá. Lọ́jọ́ kan, Ilinca bi í bóyá ó ti dárí ji òun.

"Ó ti pẹ́," bàbá dáhùn. "Ìwọ ni o kò tíì lè wò mí lójú."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọmọ tó bá ṣàṣìṣe tó sì tètè jẹ́wọ́, ojú á tì í fún ọjọ́ kan péré. Èyí tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi rẹ̀, ó lè rí ìdáríjì gbà lọ́wọ́ gbogbo ayé, kó má tètè rí i gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀.